Ta Ni Ó Ni Ilẹ̀? Ìbéèrè Tí Onílàjà Kò Gbọdọ̀ Sá Fún

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ bí ẹní fún gbogbo ẹ̀dá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun tàbí ti ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ààlà ni, ọ̀rọ̀ àwọn tí a máa ń ránṣẹ́ pè pé kí wọ́n wá parí ìjà ni. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò: bí ẹni méjì bá ń jà sí ilẹ̀, tí wọ́n sì pe aládùúgbò sí i, ǹjẹ́ ó tó kí aládùúgbò yìí gba àdá lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, kí ó sì máa lọ sí ilé rẹ̀? Àbí ó di dandan fún un láti sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀?

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò dáhùn. A ó ní kí ìjà sáà ti parí, ìyókù di ti Ọlọ́hun. Àwọn àgbà pàápàá sọ pé onílàjà ni í fara gbọgbẹ́, nítorí náà ẹni tí ó bá gbọ́n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi náà ti dáhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó yí mi lọ́kàn padà.

Ní ọdún 1998, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ kéwú, ìjà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàrin ìdílé méjì ní agbègbè Ìgèdè níbí. N kò ní í dárúkọ wọn. Oko kòkó wọn pààlà lẹ́bàá odò kékeré kan. Àwọn àgbà péjọ, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, wọ́n sì ní kí n wá jókòó ti àwọn nítorí pé mo mọ̀wé, ti Lárúbáwá àti ti òyìnbó. Àwọn ń sọ, èmi ń kọ. Wọ́n bẹ tọ̀tún, wọ́n bẹ tòsì. Nígbà tí ó rẹ gbogbo wa, bàbá kan ní: "Ààfáà kékeré, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìjà ti parí, kí kálukú máa ṣe oko rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ àdá sí ẹnìkejì mọ́." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ̀ka sí i. A pín obì, a ṣe àdúà, a túká.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo mọ̀ tí n kò sọ. Bàbá mi, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, dáko sí etí ilẹ̀ náà. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ó ti fi ọ̀wọ́ pèrègún tí ó jẹ́ ààlà hàn mí, ó sì sọ ẹni tí ó gbìn ín fún mi. Nígbà tí mo dàgbà, mo rí i pé wọ́n ti hú pèrègún náà, kòkó tuntun sì ti kọjá ibẹ̀ wọ inú oko ẹlòmíràn. N kò lanu. Ẹni tí ó kọjá ààlà jẹ́ àna ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí ó jókòó, àwọn ọmọ ìdílé rẹ̀ sì wà ní ilé-kéwú mi. Mo sọ fún ara mi pé wọn kò bi mí, àti pé àlàáfíà ni ó ṣe pàtàkì jù.

Ní ọdún 2019, àwọn ọmọ ìdílé méjèèjì náà tún kọlu ara wọn ní orí ilẹ̀ kan náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pàdánù ìka ọwọ́ méjì. Wọ́n gbé ìwé tí mo kọ ní 1998 wá bá mi pé kí n wá kà á. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ gbogbo ènìyàn wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, àdúà wà níbẹ̀. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí a gbé kọ ọ́ pé ibi báyìí ni ààlà wà.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mo sì wá rí i pé ohun tí ó ṣe àwa náà ni ó ń ṣe àwọn olórí orílẹ̀-èdè. Bí ìdílé méjì ti ń pe àgbà, bẹ́ẹ̀ ni orílẹ̀-èdè méjì tí ń jà sí ilẹ̀ ṣe ń fa àwọn aládùúgbò wọn sí ìpàdé. Wọn a péjọ sí gbọ̀ngàn ńlá, wọn a ya fọ́tò, wọn a fọwọ́ sí ìwé. Ó yẹ kí á máa béèrè ohun tí ó wà nínú ìwé náà.

Ẹ jẹ́ kí á wo ti Màlì àti Burkina Faso, aládùúgbò wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilẹ̀ kan wà láàrin wọn tí à ń pè ní Agacher, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi 160 kìlómítà. Ilẹ̀ gbígbẹ ni, àwọn darandaran ni ó pọ̀ níbẹ̀, koríko àti omi sì ni wọ́n ń wá. Àwọn kan gbà pé àlùmọ́ọ́nì wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Faransé ni ó ṣe ìjọba lé orílẹ̀-èdè méjèèjì lórí, òun kan náà ni ó sì fa ààlà wọn bí ó ti wù ú. Kódà ní 1932 ó tú Upper Volta, èyí tí í ṣe Burkina Faso lónìí, ká pátápátá, ó pín ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn tí ó yí i ká, ó sì tún kó o jọ padà ní 1947. Ẹ ò rí i pé ààlà irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò ṣòro mọ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1974, ọmọ ogun àwọn méjèèjì kọlu ara wọn. Àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí ó wà nítòsí dìde kíákíá. Wọ́n péjọ sí Lomé, olú-ìlú Tógò, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ onílàjà kalẹ̀, Tógò, Niger, Gínì àti Sẹ̀nẹ̀gà sì wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1975 wọ́n tún pàdé ní Lomé, àwọn méjèèjì sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ìjà ti parí, pé àwọn yóò tẹ̀lé àbá ìgbìmọ̀ náà. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò rí ààlà tí ó fìdí múlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀. Ó jọ ìwé tèmi ti 1998.

Ohun tí ó yàtọ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1983. Ní ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i pé àwọn yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú Hague, àti pé ohunkóhun tí àwọn adájọ́ bá sọ ni àwọn yóò gbà. Ẹ fi etí sí èyí dáadáa: wọ́n gbà á kí wọ́n tó mọ ẹni tí yóò jàre. Ẹni tí ó bá ní òun yóò gba ìdájọ́ lẹ́yìn tí ó ti rí i pé òun jàre kò tíì gba ìdájọ́ kankan. Èrè ni ó gbà.

Síbẹ̀, ẹjọ́ náà wà nílé-ẹjọ́ nígbà tí ogun bẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1985, Burkina Faso ń ka iye ènìyàn, àwọn tí ó rán níṣẹ́ sì wọ àwọn abúlé tí Màlì ń pè ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà ìbọn dún. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi jà, ọkọ̀ òfuurufú ogun Màlì sì ju bọ́ǹbù sí ìlú Ouahigouya. Orílẹ̀-èdè tálákà méjì, tí ọ̀dá ti fìyà jẹ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn inú wọn jọ ń kọjú sí Kíbílà kan náà, ń pa ara wọn nítorí ilẹ̀ tí màlúù pàápàá kì í pẹ́ lórí rẹ̀.

Kí ni àwọn aládùúgbò ṣe? Líbíyà gbìyànjú láti là wọ́n, Nàìjíríà náà dá sí i. Ní ìkẹyìn, àjọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ANAD ni ó jẹ́ kí ìbọn dákẹ́. Àwọn orílẹ̀-èdè elédè Faransé kan ni ó dá àjọ yìí sílẹ̀ ní 1977, tí wọ́n sì bá ara wọn mulẹ̀ pé àwọn kò ní í bá ara wọn jà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1986, Ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kí àwọn méjèèjì dá ọwọ́ dúró kí wọ́n sì kó ọmọ ogun wọn padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, ìpàdé àwọn olórí àjọ ANAD wáyé ní Yamoussoukro, ìlú Ààrẹ Houphouët-Boigny. Níbẹ̀ ni Moussa Traoré ti Màlì àti Thomas Sankara ti Burkina Faso ti pàdé, wọ́n sì gbà láti kó ọmọ ogun wọn kúrò.

Ìpàdé Yamoussoukro kò sọ ẹni tí ó ni Agacher. Ẹnì kan lè wí pé, ṣé wọn kò ṣe bí àwa àgbà Ìgèdè? Rárá o. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Àwa sọ pé ìjà ti parí, a sì sin ìbéèrè náà mọ́ ilẹ̀. Wọ́n dá ìjà dúró kí ìbéèrè náà lè rí ìdáhùn. Wọn kò pe ara wọn ní adájọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní kí ẹjọ́ ó kú. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún 1986, kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn ogun, ìdájọ́ jáde. Adájọ́ márùn-ún ni ó jókòó, Mohammed Bedjaoui ọmọ Àlùjíríà ni olórí wọn. Wọ́n fa ààlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí fẹ́rẹ̀ẹ́ pín sí méjì dọ́gba: Màlì gba apá kan, Burkina Faso gba apá kejì. Kò sí ẹni tí ó gba gbogbo ohun tí ó bẹ̀bẹ̀ fún. Àwọn méjèèjì gbà á.

Ohun kan nínú ìdájọ́ náà wọ̀ mí lọ́kàn jù. Adágún omi kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Soum. Ó dájú pé ààlà gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí ó fi hàn bí ó ti gba inú omi náà kọjá. Àwọn adájọ́ pín in sí méjì dọ́gba. Nígbà tí mo kà á, mo rántí ohun tí a gbọ́ láti ọ̀dọ̀ Umm Salamah nípa ọkùnrin méjì tí wọ́n gbé ẹjọ́ ogún àtijọ́ wá sí ọ̀dọ̀ Ànábì, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a. Kò sí ẹlẹ́rìí. Ànábì kìlọ̀ fún wọn pé ènìyàn ni òun, pé ẹnu ẹlòmíràn lè dùn ju ti ẹnìkejì lọ, àti pé ẹni tí òun bá dá ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì fún, iná ni ó gbà. Àwọn méjèèjì bú sẹ́kún, oníkálukú sì ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún èkejì. Ìgbà náà ni ó ní kí wọ́n pín in, kí wọ́n ṣẹ́ gègé, kí wọ́n sì yọ̀ǹda ara wọn. Bí a bá mọ òdodo, kí á sọ ọ́. Bí òdodo bá ti sọnù lóòótọ́, kí á pín in ní gbangba. Ohun tí kò sí nínú ẹ̀kọ́ náà ni kí á mọ òdodo kí á sì ṣe bí ẹni pé a kò mọ̀ ọ́n. Súrà Hujuraat pàápàá, tí ó pa á láṣẹ pé kí á tún àárín àwọn tí ń jà ṣe, kò fi mọ síbẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì lè máa rẹ́ èkejì jẹ, ó sì fẹ́ kí àwọn yòókù dá a mọ̀ kí wọ́n sì dá a lẹ́kun.

Nísinsìnyí, ẹnì kan yóò bi mí pé: ààlà wo gan-an ni àwọn adájọ́ náà fi dájọ́? Ṣé kì í ṣe ààlà tí Faransé fà fún àǹfààní ara rẹ̀ ni? Òótọ́ ni. Ní oṣù keje ọdún 1964, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, O.A.U., pàdé ní Cairo, wọ́n sì fẹnu kò pé ààlà tí kálukú bá nílẹ̀ ní ọjọ́ òmìnira ni kí ó dì mú. Mòrókò àti Sòmálíà kò gbà. Àwa Yorùbá mọ ìdí tí ìpinnu náà fi lè dun ènìyàn. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 ni ó sọ Kétu di ará Faransé, tí ó sọ ìbátan rẹ̀ tí ó wà ní ìhà ìhín di ará Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnikẹ́ni kò bi ará Kétu léèrè.

Ṣé ó wá tọ́ kí á fi okùn olè wọn ilẹ̀? Mo ti rò ó títí. Ohun tí mo rí ni pé ọgbà wíwọ́ tí gbogbo ìlú mọ̀ sàn ju ọgbà títọ́ tí oníkálukú fẹ́ fi ìbọn tirẹ̀ fà lọ. Bí a bá ní kí gbogbo ààlà tí òyìnbó fà di títúká, ta ni yóò kú tán kí á tó fa òmíràn? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba ọgbà wíwọ́ nítorí àlàáfíà kò gbọdọ̀ purọ́ pé ó tọ́. Kí ó sọ pé ó wọ́, kí ó sì ṣí ilẹ̀kùn sínú rẹ̀, kí ará Kétu lè lọ ná ọjà, kí ó lọ sin òkú, kí ó lọ ki ẹbí láìsí pé sọ́jà ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlérí tí ECOWAS ṣe nìyẹn nígbà tí ó fọwọ́ sí àdéhùn ìrìnkèrindò láìgba físà ní 1979. Ẹni tí ó bá ti gba ojú ọ̀nà Ṣẹ̀mẹ̀ kọjá mọ̀ bóyá wọ́n mú un ṣẹ.

Ẹ má rò pé òdodo sísọ rọrùn fún ìpàdé àwọn olórí orílẹ̀-èdè. Ẹ wo ti ilẹ̀ Sàhárà Ìwọ̀-Oòrùn. Sípéènì ni ó ń ṣe ìjọba ibẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1975, Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé sọ èrò rẹ̀ pé okùn kan so àwọn ẹ̀yà ibẹ̀ pọ̀ mọ́ Mòrókò láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ó lè gba ẹ̀tọ́ àwọn ará ibẹ̀ láti yan ohun tí wọ́n fẹ́. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Mòrókò kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn rẹ̀ wọ ibẹ̀. Ní 1976 àwọn Polisario kéde orílẹ̀-èdè tiwọn. O.A.U. wá bọ́ sí wàhálà. Nígbà tí wọ́n gba àwọn ará Sàhárà wọlé ní 1982, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè bínú jáde, ìpàdé tí ó yẹ kí ó wáyé ní Tripoli lọ́dún náà kò sì lè jókòó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1984, Nàìjíríà lábẹ́ Ọ̀gágun Buhari kéde pé òun gba àwọn ará Sàhárà ní orílẹ̀-èdè. Ní oṣù náà gan-an, wọ́n jókòó nínú ìpàdé O.A.U., Mòrókò sì kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni ó lò níta. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ó tó padà wọ àjọ náà, èyí tí ó ti di African Union, àwọn ará Sàhárà sì ṣì wà lórí àga wọn níbẹ̀.

Àwọn kan a máa fi èyí ṣe àpẹẹrẹ pé kò yẹ kí onílàjà sọ̀rọ̀. Wọ́n ní O.A.U. sọ̀rọ̀, ó pàdánù ọmọ ẹgbẹ́ kan, ilẹ̀ náà kò sì bọ́. Òótọ́ ni pé ìbò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ ṣètò rẹ̀ láti 1991, kí àwọn ará ibẹ̀ lè sọ tẹnu wọn, kò tíì wáyé. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú rẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ òdodo nìkan kò tó bí ẹni tí ó ń jà kò bá tíì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò gbà á. Màlì àti Burkina Faso ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ní 1983. Mòrókò kò jẹ́jẹ̀ẹ́ irú rẹ̀ rí. Iṣẹ́ onílàjà ni láti wá ìjẹ́jẹ̀ẹ́ yìí lọ́wọ́ àwọn méjèèjì ṣáájú, kí ó tó la ẹnu rẹ̀.

Ohun kẹta tún kù, ilé wa níbí ni mo sì ti kọ́ ọ. Odò Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé ń lọ wò ní Òṣogbo, ìlú wa Ìgèdè ni orísun rẹ̀ wà. Nígbà tí àwọn baba wa ní Èkìtì Parapọ̀ bá Ìbàdàn ja ogun Kírìjì, àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ gómìnà Èkó lọ gbé e bọ̀ láàrin bùdó méjèèjì. Ní 1886 wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ìwé náà kò sá fún ìbéèrè. Ó sọ pé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bọ́ lábẹ́ Ìbàdàn. Ó sọ ibi tí Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdà àti Ìgbájọ yóò wà. Ó sọ pẹ̀lú pé kí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ tí wọ́n fẹ́ bá Ìbàdàn ṣe kó kúrò ní ilẹ̀ Ifẹ̀, kí wọ́n lọ tẹ̀dó sí àárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọ̀bà.

Ẹ wò ó bí ó ti rọrùn lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ilé, oko àti ibojì òbí kò ṣeé rù lórí bí ẹrù. Ìdájọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tí ó ṣètò bí ẹni tí ìdájọ́ dùn yóò ṣe gbé e. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tún bẹ́ ní 1981, ó sì tún bẹ́ ní 1997, kò sì rọlẹ̀ títí di 2000, ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé. N kò ní í dá ẹnikẹ́ni láre nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwé tí ó mọ ibi tí ènìyàn yóò kó lọ, tí kò mọ ohun tí yóò jẹ nígbà tí ó bá débẹ̀, kò tíì parí.

Nàìjíríà tí ó lọ la Màlì àti Burkina Faso náà rí tirẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ Bakassi dé. Ó rọrùn láti gba ẹlòmíràn níyànjú. Ní 1981, ọmọ ogun Kamẹrúùnù pa sọ́jà wa márùn-ún. Ní 1994 ìjà le, Kamẹrúùnù sì gbé wa lọ sí Hague. Ààrẹ Eyadéma ti Tógò gbìyànjú láti là wá, kò yanjú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, Ààrẹ Ọbásanjọ́ àti Ààrẹ Biya pàdé níwájú Kofi Annan ní Paris, wọ́n sì sọ pé àwọn yóò bọ̀wọ̀ fún ìdájọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ìdájọ́ jáde, ó ní Kamẹrúùnù ni ó ni Bakassi, nítorí àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ṣe ní 1913. Ìjọba wa kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì bínú. Ṣùgbọ́n ní ìkẹyìn, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2006, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Greentree ní Amẹ́ríkà, a kó ọmọ ogun wa jáde, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2008 a sì fi ìyókù lé wọn lọ́wọ́. Orílẹ̀-èdè tí ó tóbi ju èkejì lọ, tí ó ní ọmọ ogun jù ú lọ, gba ìdájọ́ tí ó dùn ún. Mo kí àwọn tí ó ṣe é. Irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ láyé.

Ṣùgbọ́n ta ni ó san gbèsè náà? Kì í ṣe Àbújá. Apẹja ni, tí ó fi ilé sílẹ̀ létí omi tí ó ń bọ́ ọ, tí ó wá sí Akpabuyo ní Ìpínlẹ̀ Cross River láti bẹ̀rẹ̀ ayé ní ọ̀tun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ráhùn pé ilé àti iṣẹ́ tí a ṣèlérí kò dé bí ó ti yẹ. Ìlú gba ìyìn, tálákà gbé ẹrù.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ààrò kìn-ín-ní ni kí á dá ìjà dúró. Èkejì ni kí á sọ òdodo ní gbangba, lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì bá ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn yóò gbà á. Ẹ̀kẹta ni kí á ran ẹni tí ó pàdánù lọ́wọ́ láti gbé ìpàdánù rẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, ọbẹ̀ yóò dànù dandan, ìbáà pẹ́ fún ogún ọdún. Mo rí i pé ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ogójì ọdún géérégé sí ọjọ́ tí Màlì àti Burkina Faso gbà láti lọ sílé-ẹjọ́, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Niger bá ara wọn mulẹ̀ pé ẹni tí ó bá kọlu ọ̀kan ti kọlu gbogbo wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 wọ́n jáde kúrò nínú ECOWAS. Ẹ lè fẹ́ ohun tí àwọn ológun ibẹ̀ ń ṣe, ẹ sì lè má fẹ́ ẹ. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé ìjà Agacher kò dúró sí àárín wọn mọ́.

Ní 2019 tí wọ́n gbé ìwé mi wá bá mi, mo ní kí wọ́n pe ìdílé méjèèjì àti àwọn àgbà tí ó kù láyé. Mo ní ohun kan wà tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní í sọ ọ́ títí wọn yóò fi jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Ọlọ́hun pé àwọn yóò gbà á, ẹnikẹ́ni tí ó bá dá láre. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó gbà kí wọ́n tó gbà. Mo mú wọn dé ibẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ mi tẹ ibi tí pèrègún wà rí. Mo sì sọ fún wọn pé láti 1998 ni mo ti mọ̀ ọ́n, pé mo dákẹ́ nítorí ojú ènìyàn, àti pé ìka ọwọ́ ọmọ yẹn wà lọ́rùn mi pẹ̀lú. Mo bẹ àwọn tí ilẹ̀ jẹ́ tiwọn pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹnìkejì kórè kòkó tí ó ti gbìn síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kí àwọn ọmọ rẹ̀ má bàa kúrò nílé-ìwé. Wọ́n ráhùn, wọ́n sì gbà.

Kì í ṣe pé ó dùn tán. Ìdílé tí ó jẹ̀bi kó àwọn ọmọ wọn mẹ́rin kúrò ní ilé-kéwú mi, wọn kò sì dá wọn padà títí di òní. Bí a bá pàdé lọ́nà Ìyìn, baba wọn a wo ibòmíràn. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kí i. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti sọ̀rọ̀ ní 1998, wọn ìbá bínú sí mi bákan náà, ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ìbá ní ìka mẹ́wàá.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí á fi orúkọ àlàáfíà bo ìbẹ̀rù wa. Kí ó fún àwọn tí à ń pè sí ìjà, ní ìgbèríko àti ní gbọ̀ngàn àwọn olórí orílẹ̀-èdè, ní ẹnu láti sọ òdodo àti àánú fún ẹni tí òdodo bá dùn. Àmín.